Ẹ̀rọ Etí Ọjọ́ Ìsinmi

Báírò mẹ́ta ni Ọmọlabí fi kọ ìwé náà, kó má baà jọ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀: búlúù, dúdú, àti pupa kan tó ń kọ tó ń gbẹ. Aago mẹ́fà àbọ̀ kò tíì lù. Ògì ń hó lórí sítóòfù, ọkọ rẹ̀ ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé, oṣù mẹ́ta gbáko sì wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kọ tán kí ọkùnrin náà tó nura. Ìyá Sàhéèdì, tí yàrá tirẹ̀ kọjú sí tiwọn nínú ilé ayálégbé náà ní Mowe, jókòó sórí àpótí, ó ń bá a wá ohun tí yóò kọ.

"Kọ ọ́ pé ó gbọ́ ìró ọ̀kadà," ni obìnrin náà wí.

Ọmọlabí ní òun ti kọ ọ̀kadà lẹ́ẹ̀marùn-ún.

"Ó dáa, kọ ìpè ìrun. Mọ́ṣáláṣí ò jìnnà síbí. Ta ló máa wá sọ pé kò gbọ́ ọ?"

Ọmọlabí kọ ìpè ìrun. Ó kọ ọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2008, ó sì kọ iye wákàtí tí ọmọ fi wọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: mọ́kànlá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó kọ mẹ́wàá, nítorí Ìyá Sàhéèdì ní bí gbogbo ọjọ́ bá rí bákan náà, dókítà á fura. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún wọ́n jẹ́ kí ọmọ gbọ́ òjò. Àwọn méjèèjì rántí pé òjò kan rọ̀ lóòótọ́ lọ́sẹ̀ náà, inú wọn sì dùn pé irọ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Dókítà etí kan tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ifọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ló fún wọn ní ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ọmọ wọn yóò máa fi gbọ́ràn. Jésùlayọ̀mi lorúkọ ọmọ, Ayọ̀mi ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Yíyá ni dókítà yá wọn ní ẹ̀rọ yìí. Ó ní kí wọ́n máa fi sí ọmọ létí láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn, kí wọ́n máa kọ ohun tó gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì kó ọmọ, ẹ̀rọ àti ìwé padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí òun lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà bá irú etí rẹ̀ mu. Oṣù mẹ́ta pé lónìí.

Etí Ayọ̀mi kì í ṣe etí tó di pátápátá. Ìró ń wọ inú rẹ̀. Iṣan tó yẹ kó gbé ìró náà dé ọpọlọ ni kò gbé e bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ a sì dé ọ̀hún ní fífọ́ wẹ́wẹ́, bíi rédíò tí iná rẹ̀ tàn ṣùgbọ́n tí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò dá ṣáṣá. Lọ́jọ́ míì ọmọ á gbọ́, lọ́jọ́ míì kò ní gbọ́. Èyí gan-an ló kó bá a. Ọmọ tó bá dití kanlẹ̀, àwọn èèyàn á ṣàánú rẹ̀. Ọmọ tó bá yíjú nígbà tí abọ́ já bọ́, tí kò wá yíjú nígbà tí wọ́n ní kó lọ bomi wá, olórí kunkun ni wọ́n ń pè é. Tíṣà rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, ó sì fi pankẹ́rẹ́ kọ ọ́ sí i lẹ́yìn. Onílé pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n gbàdúrà kí ẹ̀mí agídí fi í sílẹ̀. Odidi àdúgbò ló gbọ́n tó láti mọ̀ pé ọmọ yìí ń ṣe agídí, kò sì sí ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn tó béèrè pé kí ló lè mú ọmọ ọdún mẹ́fà máa ṣe agídí sí orúkọ ara rẹ̀.

Ọmọlabí mọ̀ pé kì í ṣe agídí. Ìfẹ́ ló ní sí ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ náà ló sì fi ṣe ohun tó ṣe. Inú páálí kékeré kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ múlọ́múlọ́ sí ni ẹ̀rọ náà wà nígbà tí wọ́n gbé e fún un, dókítà sì kìlọ̀ pé omi ò gbọdọ̀ kàn án, kò gbọdọ̀ já bọ́, bó bá sọnù kò sí òmíràn. Télọ̀ ni Ọmọlabí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun tó dára. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ohun tó dára kì í ṣe ti ilé, ti òde ni. Aṣọ tó dára dọjọ́ ìsinmi, bàtà tó dára dọjọ́ ìsinmi, àwo tó dára dìgbà tí àlejò bá dé. Ó wé ẹ̀rọ náà sínú áńkáṣíìfù funfun, ó gbé e sáàárín àwọn léèsì rẹ̀ nínú àpótí aṣọ, ó ju káńfọ̀ mẹ́ta sí i kí aáyán má baà sún mọ́ ọn. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń gbé e jáde pẹ̀lú bàtà funfun Ayọ̀mi, wọ́n á sì gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ ní Ìbàfò. Bí wọ́n bá ti dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ, á bọ́ bàtà, á yọ ẹ̀rọ, á nù ún, á dá a padà. Wọn kò tíì lo bátìrì tí dókítà kó fún wọn dé ìdajì. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún un náà ló ṣì ṣe ń dán, bí ẹnìkan bá sì sọ fún Ọmọlabí pé kò tọ́jú rẹ̀, ìjà ni ì bá dà.

Olúgbádé, bàbá ọmọ, káfíńtà tó ń kan òrùlé ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ní Èkó, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó padà dé. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń fojú ọ̀sán rí ọmọ rẹ̀, lọ́jọ́ ìsinmi ẹ̀rọ sì wà létí ọmọ. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tó wọlé tòun ti táwẹ̀lì lọ́rùn, Ọmọlabí ti ti ìwé sábẹ́ aṣọ tó ń rán lọ́wọ́. Ó kí Ìyá Sàhéèdì, ó wo báírò mẹ́ta tó wà lórí ẹní, ó sì jókòó. Wọ́n bu ògì fún un pẹ̀lú àkàrà mẹ́rin. Ó mú ọ̀kan nínú àkàrà náà láti fún ọmọ, ó sì kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Ayọ̀mi ń wo àkàrà. Ó tún un pè. Àkàrà náà ni ọmọ ṣì ń wò.

Olúgbádé fún un, ó sì tún ohun tó ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ kan sọ. Ó ní bí dókítà bá fi lè gba ẹ̀rọ náà lónìí, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyá òun ń bọ̀ ní Sátidé. Ayọ̀mi á bá a lọ sí Ìkirè, á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín dòdò Ìkirè. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sì gba kéèyàn máa gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọmọlabí ní ọmọ ṣì wà ní sukúù.

"Sukúù wo?" ni Olúgbádé wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ọdún kejì rèé tó wà láàárín àwọn tó ń tọ̀ sára. Kò mọ nǹkan kan tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì ni mò ń sanwó ẹ̀."

Ọmọlabí bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, pé ẹ̀rọ náà á ṣì ṣiṣẹ́ bó bá pẹ́ sí i. Olúgbádé bi í pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lójoojúmọ́, pípẹ́ wo ló tún kù. Ọmọlabí yíjú sí ìkòkò ògì. Ó rọrùn láti ro ògì ju láti dáhùn lọ.

Ìyá Sàhéèdì ló dáhùn fún un. Ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ó ní òun gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń dúró de ẹ̀rọ náà, kí Bàbá Ayọ̀mi má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, Olúgbádé sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìdajì irọ́ inú ìwé náà, ẹnu àgbà yìí ló ti wá.

Ọmọlabí wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi fún ọmọ. Ó ṣí àpótí, ó yọ ẹ̀rọ jáde. Bí Ayọ̀mi ti rí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó sì sún sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri. Ìyá rẹ̀ rò pé irun tí òun dì fún un lánàá ló ń dùn ún. Ó rọra ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó fi ẹ̀rọ sí i, wọ́n sì jáde.

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n wọ̀ kí wọ́n tó dé Ifọ̀. Àwọn èèyàn ti pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá dókítà. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni ìyá àgbà kan jókòó sí pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Olúṣẹ̀yẹ, tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ìyá náà ní irú etí kan náà ni ti Olúṣẹ̀yẹ, dókítà sì ti sọ fún àwọn pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ kan ṣẹ́ kù lónìí, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àwọn ti kúrò nílé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo etí Ayọ̀mi dáadáa, ó bi Ọmọlabí bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣe ọmọ láǹfààní. Ọmọlabí ní ó ń ṣe é. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ pa Olúṣẹ̀yẹ lórí.

Dókítà Ọ̀ṣuntóyìn, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, ló gbà wọ́n wọlé. Ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí ọmọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Màmá Ayọ̀mi, kí ló dé tí ẹ̀rọ yìí ń rùn káńfọ̀?"

Ọmọlabí ní télọ̀ ni òun, aṣọ pọ̀ nílé. Dókítà ní òun gbọ́, ó dá ẹ̀rọ padà sí etí ọmọ. Olúgbádé wo ìyàwó rẹ̀ fìrí, ó sì wo ibòmíràn.

Ṣíbí, bọ́ọ̀lù, bàtà àti ife ni dókítà tò sórí tábìlì. Ó fi páálí pẹlẹbẹ kan bo ẹnu, ó ní kí Ayọ̀mi mú bọ́ọ̀lù. Ife ni ọmọ mú. Ó ní kó mú ṣíbí. Ọmọ wo gbogbo wọn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ife lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé e fún dókítà bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni dókítà dán an wò, ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọ gbà á, ẹ̀ẹ̀kan náà sì lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Lẹ́yìn náà dókítà gbé páálí kúrò lẹ́nu, ó kọjú sí i, ó ní kó mú bọ́ọ̀lù. Ayọ̀mi mú bọ́ọ̀lù. Ó mú ṣíbí. Ó mú bàtà.

Olúgbádé sún síwájú lórí àga. Ó bi dókítà pé báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n nísinsìnyí.

Dókítà ní ẹnu òun ló ń wò. Ó ní ọmọ wọn mòye gan-an, ojú rẹ̀ ló ń bá a ṣe iṣẹ́ tí etí kò ṣe. Láti ẹ̀yìn ni Olúgbádé ti ń pe ọmọ yìí fún ọdún mẹ́fà.

Dókítà wá ṣí ìwé. Ó rọra kà á láti ojú ewé kìíní, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára wákàtí: mọ́kànlá, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ó ka ọ̀kadà, ó ka ìpè ìrun, ó ka òjò. Ọmọlabí ń wo ilẹ̀.

"Ìwé yín dára o. Ọ̀pọ̀ òbí kì í kọ ọ́ tó báyìí," ni dókítà wí. "Òun ló sì jẹ́ kí n mọ ohun tí màá ṣe. Ọmọ tó bá fi wákàtí mọ́kànlá wọ ẹ̀rọ lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ ò sì yàtọ̀ sí i létí, a jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ò bá irú etí ẹ̀ mu. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn. Ẹ ti ṣe tiyín. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí Ayọ̀mi. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Dókítà gbé ẹ̀rọ sínú páálí rẹ̀, ó dé e pa, ó sì tì í sápá òsì, níbi tí fáìlì Olúṣẹ̀yẹ wà.

Olúgbádé mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti fura bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé ti ìyá rẹ̀ fún dókítà, ó ní Sátidé ni ọmọ ń lọ sí Ìkirè. Dókítà bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ó sì sọ ti dòdò fún un. Dókítà wo ọmọ tó ti to ṣíbí àti ife lé ara wọn lórí tábìlì. Olúgbádé dìde, ó dúpẹ́, ó ní kí ìyàwó òun dìde kí wọ́n máa lọ.

Ọmọlabí dìde. Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ Olúṣẹ̀yẹ lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ tó pa kí wọ́n má baà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, irọ́ náà gan-an ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Bó bá dákẹ́, ìtìjú rẹ̀ bò mọ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò ní mọ̀, gbogbo ayé á sì máa kí i kú ìrọ́jú. Ayọ̀mi á wà ní Ìkirè níwájú agbada epo, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí etí rẹ̀ lè ṣe. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má tíì pe ọmọ yẹn wọlé, mà," ló wí. "Mi ò fi sí i létí."

Dókítà ní kí ló wí.

"Irọ́ ni gbogbo nǹkan tó wà nínú ìwé yẹn. Àárọ̀ òní ni mo kọ ọ́. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ ni."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tiwọn yìí kò lò tó ìdajì ọjọ́, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó pa á wálẹ̀ bíi pé ogún ọdún ni. Fáànù ń yí lókè. Olúgbádé tún jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Dókítà bi í pé níbo ni ọmọ ti ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ní Ìbàfò."

"Ṣé sìpíkà wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà, ńláńlá. Iwájú ẹ̀ gan-an ni mo máa ń gbé e jókòó sí, kó lè gbọ́ dáadáa."

Dókítà bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ariwo ni ọ̀tá irú etí yìí. Ó ní ohun tí Ayọ̀mi mọ ẹ̀rọ náà sí ni ohun tó ń mú ariwo burúkú wá, ìdí nìyẹn tó fi ń bo etí. Ọmọlabí rántí ògiri tí ọmọ fẹ̀yìn gún láàárọ̀, omi lé sí i lójú. Kò nù ún.

"Ẹ dìde," ni dókítà wí. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí fún yín pé ẹ̀rọ yìí á ṣiṣẹ́. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í ran àwọn kan. Àmọ́ a ò tíì dán an wò."

Ó fa páálí náà sọ́dọ̀, ó ṣí i. Ó ní títí di ìgbà tí òun bá tún padà wá, kí ọmọ máa wọ̀ ọ́ nílé, níbi tó bá parọ́rọ́, láti ìgbà tó bá jí. Kí wọ́n má ṣe fi sí i létí níwájú sìpíkà mọ́. Kí wọ́n máa kọjú sí i kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ àti ojú sọ èyí tí ẹnu kò bá lè sọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tòótọ́, sukúù wà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé, òun á sì kọ lẹ́tà fún wọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Olúgbádé, ó bi í pé ní Ìkirè, nídìí dòdò, ta ni yóò máa dojú kọ ọmọ yìí bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yìí nìkan ni mo ní," ni dókítà tún wí. "Mo ti fi ọkàn ìyá àgbà tó wà níta balẹ̀. Èmi ni màá sọ fún wọn pé kí wọ́n tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àmọ́ iwájú wọn lẹ máa gbà kọjá."

Iwájú wọn ni wọ́n gbà kọjá. Kò tíì sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún ìyá àgbà náà. Ó rí ẹ̀rọ létí Ayọ̀mi, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó ṣe é lóore, kí ti Olúṣẹ̀yẹ náà lè tẹ̀ lé e. Ọmọlabí ṣe àmín. Ó yára fa ọmọ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ méjì náà ni wọ́n tún wọ̀ padà. Olúgbádé ra búrẹ́dì fún ọmọ lójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé, ó bi í bóyá ó fẹ́. Ọmọ wo ẹnu rẹ̀, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni" lọ́nà tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Mowe, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò, ló tó lanu bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì tí mo nà án."

Ọmọlabí mọ ọjọ́ Ẹtì náà. Kò tíì pé oṣù kan. Olúgbádé tètè dé lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí Ayọ̀mi gbé sálúbàtà òun wá, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọmọ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìborí bo etí ọmọ, kò sì ṣí i wò; ó ní ẹ̀rọ wà létí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sí ohun tó kù bí kò ṣe ìwà. Ó yọ bẹ́líìtì. Ọmọlabí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó ń rán lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ, bẹ́líìtì ì bá padà sí ìdí ṣòkòtò. Ojú àpótí aṣọ ló ń wò.

"O wà níbẹ̀," ni Olúgbádé wí.

"Mo wà níbẹ̀," ni Ọmọlabí wí.

Bí wọ́n ti ń súnmọ́ ilé, Olúgbádé yọ fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá ní Sátidé mọ́. Ìyá náà béèrè pé ṣé ara ọmọ ti yá ni. Ó ní kò yá o, Màmá, àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wọlé, ó wo irinṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí ibùsùn láìbọ́ aṣọ.

Ọmọlabí bọ́ aṣọ òde lọ́rùn Ayọ̀mi, ó wọ áńkárá kan tó ti ṣá fún un. Ọmọ bọ́ bàtà fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ sí etí láti yọ ẹ̀rọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú. Ó mi orí. Ọmọ tún na ọwọ́, ó tún dì í mú. Nígbà kẹrin Ayọ̀mi sunkún, ó sì jàjà yọ ọ́ jù sórí ẹní. Ọmọlabí ṣà á, ó nù ún, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wọn lè bára mu, ó fi ọwọ́ juwe ilé, ó fi ọwọ́ juwe ìdákẹ́jẹ́, ó dá a padà sí i létí. Kò sí sìpíkà kankan níbẹ̀. Ó tó wákàtí kan kí ọmọ náà tó gbà pé kò sí.

Ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tu èèyàn lára. Ọmọlabí gbé ẹ̀wà síwájú nínú àtẹ, ó ń ṣa á lẹ́nu ọ̀nà, Ayọ̀mi sì wà nínú yẹ̀pẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé, ó ń fi agolo mílíìkì kọ́ ilé. Àwọn tó ń lọ sí ìdí kànga ń wo etí ọmọ, wọ́n ń kọjá. Ọ̀kan béèrè bóyá òde kan wà tí wọ́n ń lọ. Ọmọlabí pe Ayọ̀mi, kò yíjú. Ó na ọwọ́ kàn án léjìká, ọmọ wo ẹnu rẹ̀, ó tún orúkọ náà pè. Ó pè é báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀wà ń dúró.

Ìyá Sàhéèdì jáde síta. Ó rọra béèrè pé báwo ni ìwé, Ọmọlabí sì ní àwọn ti jẹ́wọ́. Obìnrin náà ṣe hẹ̀n-ẹ́n. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tó lọ sára ọmọ tó wà nínú yẹ̀pẹ̀, ó sì dìde dúró dáadáa.

"Màmá Ayọ̀mi, yọ nǹkan yìí kúrò létí ọmọ, jọ̀ọ́. Yẹ̀pẹ̀ á wọ̀ ọ́. Kó tó dọjọ́ ìsinmi á ti bàjẹ́."

Ọmọlabí kò gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀.

"Tó bá máa bàjẹ́," ló wí, "etí ẹ̀ ni kó ti bàjẹ́."